Abọ́ Ẹni Tí Ń Bọ̀

Òórùn atalẹ̀ tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ adìẹ, pẹ̀lú èéfín tùràrí tín-ín-rín tó máa ń bá a rìn, ni mo kọ́kọ́ fi mọ àwọn ará ìsàlẹ̀ wa ní Gulfton, àdúgbò kan ní Houston, kí n tó mọ ojú wọn. Ìwọ náà ti gbé irú apartment bẹ́ẹ̀ rí, o mọ bó ṣe ń rí: ilé alájà méjì tó tò yí ibi ìgbọ́kọ̀sí ká, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ké lójú fèrèsé gbogbo, ọbẹ̀ ará Honduras tó ń bá ti ará Pakistan jà lójú àtẹ̀gùn. Nínú gbogbo òórùn yẹn, ti ìsàlẹ̀ wa nìkan ló máa ń wọ yàrá mi láìkan ilẹ̀kùn. Màá dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, nítorí a kò tíì ní bẹ́ẹ̀dì nígbà náà, màá máa fa òórùn ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀ símú, màá sì máa sọ fún ara mi pé ẹni tó bá ń se oúnjẹ báyìí kò lè jẹ́ èèyàn burúkú.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ń gbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìpoògùn ni, òun sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá freeway, ó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó wọlé. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ni àwọn tó ni ilé fún wa. Wọ́n ní ìkejì ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ irú "ó ń bọ̀" bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde á gbé e sílẹ̀, ẹni tó bá gbàgbé á mú un lọ, ẹnì kejì á wá fi àtẹ̀gùn ṣe àga.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, jẹ́ kí n rán ọ létí ojú ìyá. O mọ ojú tí mò ń sọ. Ẹ bá ìyá yín lọ kí ẹnì kan, onílé gbé oúnjẹ wá, ìyá kò sì ní sọ nǹkan kan. Wọn á kàn wò ọ́. Bí ojú wọn bá rọra kúrò lára rẹ, tó lọ sínmi lára ògiri, o lè jẹun. Bó bá dúró tì ọ́, o ti mọ ohun tó kù: "Ẹ ṣé mà, mo ti yó." Ìbáà jẹ́ pé aràn inú rẹ ń jìjàkadì, o ti yó nìyẹn. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni màmá mi máa ń wí. Ojú yẹn ràn mí púpọ̀. Kò ran àbúrò mi rárá. Àbíkẹ́yìn ni, ojú ìyá kì í tu irun kankan lára rẹ̀. Á jókòó ti oúnjẹ olóúnjẹ, á jẹ ẹ́ tán, á fi ìka nu abọ́, á wá gbójú sókè bi onílé pé, "Ṣé ó kù?" Láti ilé onílé títí dé ilé wa ní Ìbàdàn ni màmá mi á máa pè é ní wọ̀bìà, tí wọn á máa kìlọ̀ fún un pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Èmi á di ọwọ́ wọn kejì mú, màá máa rìn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Mo fẹ́ràn ìrìn yẹn ju ẹran lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ooru Houston mú débi pé èèyàn kò lè jókòó lórí àtẹ̀gùn. Mo ti ilé ìwé dé, àbúrò mi ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ, iná ti tán lórí fóònù mi, n kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀ àyàfi omi. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ará ìsàlẹ̀ pé kí wọ́n bá mi fi iná sí fóònù. Mo mọ̀ pé kò bójú mu. Ní ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn ẹni láìkọ́kọ́ pè, ìbátan gan-an á kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ooru kì í jẹ́ kéèyàn rántí àṣà onílẹ̀.

Ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wa kò ju ara lọ ló ṣílẹ̀kùn, ó ṣì wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìtajà tó ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá àgbà rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ará Ṣáínà kékeré kan tí irun wọn funfun balau. Àwòrán bàbá arúgbó onírùngbọ̀n gígùn tó gun ẹfọ̀n wà lára ògiri, ọsàn àti tùràrí wà níwájú rẹ̀. Àga kan kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀, abọ́ funfun kan tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ aró sì wà níwájú àga náà. Bí Màmá ṣe rí mi, wọ́n dìde kíá débi pé ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àwọn náà pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n tẹrí ba ju mi lọ. Èmi náà tún lọ sílẹ̀ sí i. Bí ọmọ-ọmọ wọn kò bá fà mí dìde, à bá bára wa nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Orí àga yẹn ni wọ́n fi mí sí. Màmá bu ìrẹsì sínú abọ́ etí aró, wọ́n da ọbẹ̀ adìẹ àti atalẹ̀ lé e, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá síwájú mi. Itọ́ kún ẹnu mi. Ìgbà náà ni ojú màmá mi ti Ìbàdàn dé, tó dúró tì mí. Mo mọ̀ pé mo lè sọ fún ọ pé nítorí àwòrán àti tùràrí ni, pé mo bẹ̀rù oúnjẹ òrìṣà, ó sì kọjá lọ́kàn mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní sá sẹ́yìn pásítọ̀. Ojú yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣé mà, mo ti yó," ni mo wí lédè òyìnbó, ọmọ-ọmọ sì bá mi sọ ọ́ lédè wọn. Màmá tún ti abọ́ náà sí mi. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni. Wọ́n tún tì í. Mo fi ìka mi rọra dá a padà, mo rẹ́rìn-ín ẹ̀rín ọmọ tí wọ́n bí ire. Ìgbà yẹn gan-an ni ikùn mi yàn láti sọ̀rọ̀. Ó kùn gan-an ni, ó sì kùn pẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbọ́ ọ. Màmá wo ikùn mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá gbé abọ́ náà lọ síwájú àwòrán, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọmọ-ọmọ bá mi fi iná sí fóònù, ó fún mi lómi tútù. Nígbà tí mo gòkè padà, inú mi ń dùn pé mo ṣe ọmọlúàbí nílẹ̀ àjèjì.

Nígbà tí mo tún pàdé ọmọ-ọmọ yẹn ní yàrá ìfọṣọ apartment wa, mo béèrè àlàáfíà Màmá. Ó ní wọn kì í fẹ́ jẹun mọ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó tú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ń ká, ó tún ká a, ó wá ní, "Láti ọjọ́ tí o wá yẹn ni." Kò fi ìbínú sọ ọ́ rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí n dúró gbọ́.

Ẹ̀sìn Tao ni ìdílé wọn ń ṣe, irú ti abúlé wọn láyé àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Tao òde òní gan-an kò mọ̀ mọ́. Wọ́n gbà pé Laozi, bàbá orí ẹfọ̀n tó wà lára ògiri yẹn, kò lọ gbére nígbà tó kúrò nílùú wọn. Bí ayé bá bàjẹ́ dé góńgó, tí àrùn àti omíyalé bá gba ilẹ̀, yóò padà wá nínú ara èèyàn, Li Hong ni yóò sì máa jẹ́. Yóò ṣa àwọn kan sọ́tọ̀ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun, ayé àlàáfíà ńlá. Èèyàn irúgbìn ni wọ́n ń pe àwọn yẹn. Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, bàbá bàbá mi ni mo rántí, àti èébù iṣu tí wọ́n máa ń tọ́jú sí igun abà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn bó ti wù kí ebi pa ilé tó, nítorí ọdún tó ń bọ̀ ló wà níbẹ̀.

Mo ní ṣé wọn kì í wá Li Hong yìí kiri ni. Ó ní wọ́n ti wá a rí. Láyé àtijọ́, ẹnì kan á ṣáà dìde pé òun ni Li Hong, àwọn àgbẹ̀ á gbé ọkọ́ àti àdá tẹ̀lé e, ọba á rán ọmọ ogun sí wọn, orí á gé, ẹ̀jẹ̀ á ṣàn. Kò ní pẹ́ kí ẹlòmíràn tún tó dìde pẹ̀lú orúkọ kan náà. Ìran tiwọn bá a lọ. Àwọn àgbà tó ṣẹ́kù wá fi òfin lélẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀lé ẹni tó bá ní òun ni mọ́, kí wọ́n má tiẹ̀ béèrè orúkọ. Ẹni náà gan-an lè má mọ̀ pé òun ni. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ṣáà máa gbé abọ́ kan kalẹ̀ nígbà oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tó bá wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é sì jẹ ẹ́. Bó bá jẹ ẹ́, ilé yẹn mọ̀ pé wọ́n kò gbàgbé òun.

"Lábúlé, èèyàn máa ń wọlé dáadáa," ni ó wí. "Oníṣòwò, alágbe, ẹni tó ṣìnà. Láti ìgbà tí a ti dé Houston, ìwọ nìkan lo kan ilẹ̀kùn."

Ọkàn Màmá kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, dókítà ti sọ ohun tí dókítà máa ń sọ. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó lọ ni bóyá àwọn wà nínú irúgbìn. Àfi bí mo ṣe wọlé, tí mo jókòó sórí àga, tí mo ní mo ti yó. "Bó bá jẹ́ pé o yó lóòótọ́, kò burú," ni ọmọ-ọmọ wí. "Ṣùgbọ́n Màmá gbọ́ ikùn rẹ. Wọ́n ní ebi ń pa á, síbẹ̀ kò lè jẹ tiwa."

Ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí. Ojú ti tì mí rí láyé, mo ti ṣubú níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí báyìí. Ohun tí mo fi ń yangàn láti kékeré ni mo fi gún arúgbó aláìsàn lọ́kàn. Mo ní kó jẹ́ ká lọ nísinsìnyí, pé màá jẹ ẹ́, màá jẹ ìkòkò mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "O ti mọ̀ báyìí," ni ó wí. "Ẹni tó bá ti mọ̀ ti di ara àwa tí à ń dúró nìyẹn."

Ni mo bá ń bá wọn dúró. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ wọn ni màá yà sí. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì ni mo máa ń jókòó, abọ́ lásán ni wọ́n fi ń bu tèmi, mo sì ń jẹ ẹ́ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ̀ Màmá máa ń wú, mo máa ń fi òróró rọra ra á. Àwọn náà á máa fọwọ́ pa mí lórí, wọn á máa sọ ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́. Wọn kò bínú sí mi, èyí ló sì ń dùn mí jù. Bí a bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ níta, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wo ẹnu ọ̀nà. Àwọn tó ń pín ẹrù kiri á ju páálí sílẹ̀, wọn á sá padà sínú ọkọ̀. Nígbà mìíràn màá rántí pé èmi yìí, tí mò ń fi gbogbo ohùn mi kọrin ìpadàbọ̀ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò gbé abọ́ kankan kalẹ̀ dè é rí.

Oúnjẹ tí Màmá ń jẹ ń kéré sí i, ó wá ku bí ẹni tọ́ ọ wò. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, àga yẹn ṣófo síbẹ̀, ọmọ-ọmọ sì ti ń gba àyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ kí ó lè máa jókòó ti Màmá. A mọ ohun tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ bóyá wọn yóò lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tàbí pẹ̀lú "kò lè jẹ tiwa" ló kù, ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn sì ti jáde.

Ìrọ̀lẹ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí oúnjẹ ni ẹnì kan gbá ilẹ̀kùn gbà, gbà, gbà, bí ẹni tí wọ́n jẹ ní nǹkan. Mo mọ ìgbálẹ̀kùn yẹn. Mo fọwọ́ kan àpò mi, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n sáré jáde, kí n fún un ní kọ́kọ́rọ́ níta, kó tó wọlé wá dójú tì mí. Mo ti ń dìde. Màmá di ọwọ́ mi mú.

Àbúrò mi ló wọlé lóòótọ́, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ ńlá àti aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ láàárín ọkọ̀, òógùn ti fi iyọ̀ ya máàpù sí ẹ̀yìn rẹ̀. "Good evening, sorry o, I dey find my…" Ó rí mi. "Ah ah, Sister! Ẹ̀yin lẹ mú key dání! Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú síta!" Ó wá rí Màmá, ó dọ̀bálẹ̀ kíá, bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ilẹ̀kùn ya.

Màmá, tí wọn kì í lè dìde fúnra wọn mọ́, dìde. Wọ́n bu oúnjẹ sínú abọ́ etí aró. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá, wọ́n sì fi orí tọ́ka sí àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo mọ ohun tí abọ́ yẹn jẹ́. Mo ti bá wọn wo ẹnu ọ̀nà, mo ti gbàdúrà pé kí ẹnì kan ṣáà wá. Síbẹ̀, bí àbúrò mi ṣe bojú wo ọ̀dọ̀ mi, kí n tó mọ̀, ojú mi ti dúró tì í. Ojú màmá mi gan-an ni, èyí tó ń sọ pé má jẹ ẹ́. Mo rí i pé ó rí i. Mo fẹ́ yí ojú náà padà, ṣùgbọ́n ó ti jáde ná, kò ṣeé gbé mì.

Ó sì ṣe ohun tó ti ń ṣe sí ojú yẹn láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó fò ó. "For me? Ah, Mama, God bless you!" Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó jẹ ìrẹsì, ó fọ́ eegun adìẹ, ó gbé abọ́ sẹ́nu mu omi ọbẹ̀ rẹ̀, ó fi ìka nu etí rẹ̀, ó lá ìka. Ojú mi ń gbóná. Ó wá gbójú sókè wo arúgbó yẹn pẹ̀lú ẹnu tó ń dán fún ọ̀rá, ó ní, "E remain?"

Ọmọ-ọmọ sọ ọ́ fún Màmá. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. N kò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn rí títí di ọjọ́ yẹn, ẹ̀rín ọmọdébìnrin ni, omijé sì ń bọ́ lójú wọn bí wọ́n ṣe ń rín in. Wọ́n tún bu sí i fún un. Wọ́n wá fa abọ́ tiwọn mọ́ra, wọ́n jókòó sí iwájú rẹ̀, wọ́n sì jẹun. Wọ́n jẹun dáadáa. Wọ́n sọ nǹkan kan fún ọmọ-ọmọ wọn, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí: "Wọ́n ní kì í ṣe tiwa láti mọ ẹni tó jẹ́. Ó jẹ tiwa, ó sì tún béèrè."

Màmá kò lò ju ọdún náà lọ láyé. Ọmọ-ọmọ ní wọ́n lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àti pé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó béèrè pé ṣé ó kù ni wọ́n ń sọ títí dé òpin. Àwọn ará apartment yẹn ti tú ká, àwa náà ti kó kúrò. Ó pẹ́ gan-an kí n tó lè sọ gbogbo rẹ̀ fún àbúrò mi. Ní ilé mi ní Spring, nítòsí Houston, ni, ó ń jẹ ẹran tèmi lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti jẹ tiẹ̀ tán. Ó wò mí títí. "Sister, ebi ló ń pa mí jàre," ni ó wí. Ó wá ní, "Mama yẹn, ṣé wọ́n yó lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní wọ́n yó. "Okay," ni ó wí, ó sì padà sídìí ẹran rẹ̀.

Ojú ń tì mí síbẹ̀. Kì í ṣe nítorí abọ́ tí mo kọ̀ nìkan, a lè sọ pé n kò mọ̀. Nítorí ojú tí mo fi wo àbúrò mi nígbà tí mo ti mọ̀ ni. Mo ti pe ìgbéraga ní ẹ̀kọ́ ilé fún ọjọ́ pípẹ́. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé mo ṣe aláìní, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbé oúnjẹ fúnni náà ń ṣe aláìní, ó ń wá ẹni tí yóò gba ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ̀bìà ilé wa ló mọ̀ ọ́n gbà.

Láìpẹ́ yìí, mo mú ọmọbìnrin mi lọ sí ilé ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀, arúgbó ará Mexico, gbé àwo oúnjẹ wá síwájú ọmọ náà. Yorùbá tí ọmọ mi gbọ́ kò pọ̀, ti kíkí, ti oúnjẹ àti ti ìbáwí ni, ṣùgbọ́n ó yíjú sí mi kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. N kò mọ ìgbà tí mo kọ́ ọ. Arúgbó yẹn ṣì nàró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àwo mú. Mo gbé ojú mi kúrò lára ọmọ mi, mo fi sí ara ògiri, n kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ títí mo fi gbọ́ ìró ṣíbí.